Ọmọbìnrin Tí Àwọn Awabàlúù Ń Sá Fún

Ibi tí Edna Ackroyd ti kọ́kọ́ fojú kan Emrys Bevan kì í ṣe ibi tí èèyàn lè ròyìn fún àlùfáà. Ìdí bàlúù ni. Ìrọ̀lẹ́ tútù kan ni, yìnyín ṣì funfun lórí koríko pápá bàlúù wọn ní Lincolnshire, Edna sì wà lórí àpótí lábẹ́ ìrù bàlúù ogun Wẹ́líńtọ̀n kan, ó ń rán aṣọ dí ojú ibi tí ọta àwọn ará Jámánì ti ya á. Ó gbọ́ ìró bàtà. Nígbà tó yọjú wò, ọ̀dọ́kùnrin onírun pupa kan, tó wọ ẹ̀wù awọ tó jẹ́ kó rí bí àgùntàn tó ń fẹsẹ̀ méjì rìn, dúró ti táyà ìdí bàlúù náà, ó ń tú bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ̀.

"Bí o bá dán an wò," ni Edna wí, "abẹ́rẹ́ yìí ni n ó fi rán ṣòkòtò náà mọ́ ọ lára."

Ọ̀dọ́kùnrin náà ta gìrì, ó fi orí gbá irin, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo iwájú ara rẹ̀. "Olúwa ò! Mi ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀."

"O ti wá mọ̀ báyìí."

"Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ ṣe é. À ń lọ lálẹ́ yìí."

Edna mọ ohun tó ń wí. Gbogbo pápá ló mọ̀ ọ́n. Kí ọkùnrin tó gòkè sínú bàlúù lọ jagun ní Jámánì, ó gbọ́dọ̀ tọ̀ sára táyà ìdí. Kò sí ìwé òfin ìjọba tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ọ̀gá tó láyà láti fòfin dè é. Àwọn mìíràn ń so ìbọ̀sẹ̀ ìyàwó wọn mọ́rùn, àwọn kan ń gbé béárì ìṣeré ọmọdé lọ́wọ́, ẹnì kan sì wà tí kì í gun bàlúù àfi bó bá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ òsì lé àkàbà. Ẹni tí ikú ń ṣọ́ kì í fi nǹkan kan ṣeré.

"Ó dáa." Edna kọ ẹ̀yìn sí i. "Ṣe kíá. Mi ò wò ọ́."

Ó pẹ́ díẹ̀. Edna gbọ́ tí ọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

"Kò wá mọ́," ló wí. "O ti lé e padà."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Edna kó tó mọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà bá a rín in, ó ní Emrys Bevan lòun ń jẹ́, ọmọ Wales, òun lòun máa ń jókòó ti ìbọn ìdí bàlúù, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lòun sì dé. Nígbà tó lọ tán ni Edna rí i pé abẹ́rẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ti pẹ́ tí awabàlúù kankan ti bá a rẹ́rìn-ín, ó sì ń ṣe é bíi pé ọmọ yìí kò tíì gbọ́ nípa òun ni.

Ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ nìyí. Ọkùnrin méjì ni Edna ti bá rìn láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ ológun òfúrufú. Èkíní jẹ́ awabàlúù, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ́ ọ ní ijó. Ó lọ sí Hamburg, kò padà. Edna sunkún títí, ó pẹ́ kó tó gbà kí ẹlòmíràn mú òun lọ wo sinimá. Ìyẹn náà lọ sí Kiel, omi òkun sì gbé e mì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Opó, ẹni tí kò tíì lọ́kọ rí. Wọn kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bó bá wọ kántíìnì, ọ̀rọ̀ á já, ṣíbí á dákẹ́ nínú ife tíì, ẹni tó jókòó nítòsí á rántí pé òun níṣẹ́ kan tí òun fẹ́ lọ ṣe. Èyí tó dùn ún jù ni pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Awabàlúù kan ti bẹ Àǹtí Maud, kọ́pọ́rà tó jẹ́ ọ̀gá yàrá aṣọ, pé kó jọ̀wọ́, kó fi ẹlòmíràn rán ti bàlúù òun.

Aṣọ sì ni bàlúù náà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà ara rẹ̀ tàn yín jẹ. Ẹni tó ya àwòrán Wẹ́líńtọ̀n kò fi páànù bò ó bí ti àwọn tó kù. Ọ̀pá irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi hun ún, ọ̀kan gba ibí, èkejì gba ọ̀hún, wọ́n ń dábùú ara wọn láti imú dé ìrù bí agbọ̀n, tó fi jẹ́ pé bí ọta bá gé ọ̀kan, àwọn tó yí i ká á bá a gba ẹrù rẹ̀ rù. Orí agbọ̀n yìí ni wọ́n na aṣọ ọ̀gbọ̀ sí, tí wọ́n rán an mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀dà tó ń ta nímú kùn ún títí tó fi le gbagidi. Ẹ́ńjìnnì méjì ń gbé e, èèyàn mẹ́fà ń wọ inú rẹ̀, wọn á kó bọ́ǹbù sí i níkùn, ó di Jámánì. Edna, tó ti ń rán àgọ́ ní Leeds kí ogun Hítílà tó dé, fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Ó wá bà á nínú jẹ́ pé ohun tó fẹ́ràn ni wọ́n fi ń ro ibi sí i.

Ní ọjọ́ kejì, Emrys yọ sí yàrá aṣọ, ó mú ìbọ̀wọ́ kan tó ya dání.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí," ló kí Maud. Ó wá yíjú sí Edna. "Mi ò tọ̀, mo sì padà dé."

"Ṣé ohun tó gbé ọ wá nìyẹn?"

"Mo ní kí n wá jẹ́rìí ni. Ìbọ̀wọ́ mi náà tún ya."

Edna gba ìbọ̀wọ́ náà, ó yẹ ẹnu yíya náà wò, ó tún yẹ ojú onítọ̀hún wò. "Ọ̀bẹ lo fi ya èyí."

"Ọ̀bẹ kẹ̀!"

"Ọ̀bẹ. Wò ó bó ṣe lọ tààrà."

Etí Emrys pọ́n bí irun rẹ̀. "Awọ yẹn le o," ló wí. "Díẹ̀ ló kù kí n gé ìka mi."

Edna rán an fún un. Bó ṣe jáde báyìí, Àǹtí Maud gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi, ṣọ́ra o. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù, bí kò bá jẹ́ òmùgọ̀, á jẹ́ pé ó ní nǹkan tó ń wá."

"Ohun tí mò ń rò náà nìyẹn, Àǹtí."

Nítorí náà, nígbà tí Emrys gbé tíì àti búrẹ́dì rẹ̀ wá sídìí tábìlì Edna ní kántíìnì, níṣojú gbogbo wọn, Edna kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí Leech wà. Leech yìí ló ń gbọ́ rédíò nínú bàlúù kan náà tí Emrys wà, ará London tó rù bí igi, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ sinmi. Ojú ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Ta ló rán ọ?" ni Edna bi Emrys.

"Ebi."

"Mi ò bá ọ ṣeré o. Ṣé wọ́n ta tẹ́tẹ́ lé mi lórí ni? Àbí o fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́ lákíkanjú?"

"Akíkanjú wo? Tábìlì yìí nìkan ni àyè wà." Ó bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó ti ìdajì síwájú Edna. "Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bo agbọ̀n?"

"Agbọ̀n wo?"

"Bàlúù. Bàbá mi ń pẹja lódò Teifi nílé wa. Ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi hun ọkọ̀ rẹ̀ bí agbọ̀n, ìyá mi rán aṣọ bò ó, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Èèyàn kan péré ló ń gbà. Bó bá pẹja tán, á gbé e kọ́ ẹ̀yìn bí alábahun, ó di ilé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ Wẹ́líńtọ̀n, mo ní, 'Háà! Ọkọ̀ bàbá mi ló hu ìyẹ́ yìí.'"

"Ṣé ọkọ̀ bàbá rẹ rì rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Bàbá mi ti mutí yó lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ò jẹ̀bi."

Edna kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rín in. Ó jẹ ìdajì búrẹ́dì náà pẹ̀lú. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ tí kò bá sí ìrìn àjò, wọ́n á rìn lọ sí abúlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kábéèjì tí òjò ti sọ di ẹrẹ̀, Emrys á máa pa á lẹ́rìn-ín, á máa pè é ní Ìyá Àgọ́, òun náà á máa pe Emrys ní Àgùntàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín kọ̀ọ̀kan ni Edna ń bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni ọmọ yìí ń wá lọ́dọ̀ mi? Bó bá sì lọ sójú ogun, Edna kì í lè sùn títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Leech ló tú àṣírí. Ó pàdé Edna lẹ́nu ọ̀nà kántíìnì, ó fà sẹ́yìn kí aṣọ rẹ̀ má bàa kàn án.

"Má rò pé a ò kìlọ̀ fún un," ló wí. "Ọjọ́ tó dé gan-an ni mo ti sọ fún un. Gbogbo ẹ̀ ló mọ̀."

Edna kò sinmi títí ó fi rí Emrys lẹ́yìn ilé bàlúù. "O mọ̀!" ló fi kí i.

Emrys kò béèrè ohun tó mọ̀. "Mo mọ̀."

"Láti ọjọ́ abẹ́ ìrù yẹn?"

"Wọ́n ti sọ fún mi nípa Opó kan. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni, àfi ìgbà tí mo rí orúkọ rẹ lára àpótí abẹ́rẹ́. Mo wá ní lọ́kàn mi pé, ẹni tó ń pa mí lẹ́rìn-ín yìí náà ni?"

"O wá ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan! O jókòó níwájú mi, ò ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹja! Ṣé o fẹ́ kú ni? Mo ti gbọ́ ọ rí pé àwọn ọkùnrin kan wà tí ogun ti sú, tí wọ́n ń wá ọ̀nà àtikú."

"Bí mo bá sọ pé mo mọ̀, wàá ní àánú rẹ ló ń ṣe mí." Ohùn rẹ̀ yí padà, kò sí àwàdà níbẹ̀ mọ́. "Àánú rẹ ò ṣe mí, Edna. Ìfẹ́ rẹ ló wà lọ́kàn mi. Kò wù mí kí n kú rárá, láti ìgbà tí mo mọ̀ ọ́ ni kò sì ti wù mí jù lọ."

Edna fẹ́ bínú sí i, kò rí ìbínú náà mọ́. Ó gbé orí lé àyà ẹ̀wù àgùntàn yẹn, ó sunkún díẹ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á.

Kò pẹ́ sí i ni Hallam wá bá a. Hallam ni ọ̀gá bàlúù tí Emrys wà, òun ló ń wà á, ọmọ àgbẹ̀ láti Norfolk tí kì í pariwo. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá aṣọ bí ẹni tó wá kí olókùú.

"Edna, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan tí kò dáa."

"Ẹ sọ ọ́, ọ̀gá."

"Fi Emrys sílẹ̀."

Òwú tó wà lọ́wọ́ Edna já. "Ṣé ẹ̀yin náà gbà á gbọ́ ni?"

"Rárá. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n Leech gbà á gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n lórí rédíò. Àwọn tó kù ń wo Emrys bí ẹni tó ń gbé òkú wọnú ọkọ̀. Ẹni tó bá ti gbà pé òun máa kú kì í ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ti ní kí n wá ayìnbọn mìíràn. Bí mo bá lé e, ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò bọ́ sí, wọ́n á máa fi í dí àlàfo káàkiri bí ọmọ òrukàn. Ìwọ náà ti rí bí àwọn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí."

Edna ti rí i. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ó mọ́gbọ́n dání. Ẹ̀rù nìkan tó láti pa wọ́n, yálà òun ni Opó tàbí òun kọ́.

"Ẹ má sọ fún un pé ẹ wá," ló wí.

"Mi ò ní sọ."

Lórí afárá abúlé ló ti sọ ọ́ fún Emrys, ní ọ̀sán gangan, kí ó má bàa rí òkùnkùn sunkún sí. Ó ní òun kò fẹ́ mọ́.

"Ta ló rán ọ?" ni Emrys bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mi ò fẹ́ ọ ni."

"Irọ́ ni. Wò mí lójú, kí o sọ ọ́."

Edna wò ó lójú, ó sì sọ ọ́. Kò sí aṣọ tó rán rí tó le tó gbólóhùn yẹn. Emrys wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tó ń wá ẹnu yíya, kò rí i, ó yí padà, ó lọ. Edna di irin afárá mú. Ó rò ó pé, bó bá ṣáà ti wà láàyè, kó máa kórìíra mi lọ.

Mannheim ni wọ́n rán wọn lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, Edna àti Àǹtí Maud dúró létí pápá, wọ́n ń ka bàlúù bó ṣe ń balẹ̀ bí ẹni ń ka adìyẹ wọlé. Ti Hallam kò sí níbẹ̀. Tíì tutù. Oòrùn yọ. Àǹtí Maud ní kí wọ́n wọlé, Edna kò mira.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kan tó ń wúkọ́, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, Wẹ́líńtọ̀n kan sì yọ lórí igi. Edna kọ́kọ́ rò pé ojú ń tan òun. Ó ń rí ojú ọ̀run láàárín ara bàlúù náà. Láti ẹ̀yìn ìyẹ́ títí dé ìrù, aṣọ ti lọ, iná ti jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ti gba ìyókù, agbọ̀n irin náà ló kù ní ìhòòhò, ó sì ń fò. Ó balẹ̀, ó ta lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Wọ́n gbé Hallam jáde, ọta ti wọ èjìká rẹ̀. Wọ́n gbé Emrys jáde láti ìdí, iná ti jó ọwọ́ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan níbi tó ti ń fi ìbọ̀wọ́ lu iná pa. Kò sẹ́ni tó kú.

Edna dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìdúró. Kò sáré lọ bá a. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á jìnnà sí i, ó sì rò pé ẹ̀jẹ́ náà ló gbà á là.

Ní ọ̀sán, wọ́n ní kí ó lọ wọn iye aṣọ tí ara bàlúù náà máa gbà. Ó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó tẹríba sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn àpótí ọta, nígbà tí Leech àti ayìnbọn iwájú wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń mu sìgá, wọ́n ń wo ohun tó fẹ́ gbẹ̀mí wọn.

"Mo ti mọ̀," ni Leech wí. "Kó tó di pé a gbéra ni mo ti mọ̀. Opó yẹn ló bínú."

"Ṣé wọn ò ti pínyà ni?"

"Ìyẹn ni mò ń wí! Wọ́n pínyà lọ́sàn-án, iná sọ lóru. Kí ló tún kù? Ó bínú sí wa pé a já ọkùnrin gbà lọ́wọ́ òun. Irú wọn kì í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

Edna gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín dé. Kò mọ ibi tó ti wá. Ó rẹ́rìn-ín títí tí àwọn méjèèjì fi fò sẹ́yìn, sìgá bọ́ lẹ́nu Leech. Aṣọ tó yẹ kó bo Edna ti jóná. Wọ́n rí i níbẹ̀ lódindi láàárín àwọn ọ̀pá irin, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Leech," ló wí, "jẹ́ kí n bi ọ́. Bí mo bá bá a rìn, èmi ni mo pa yín. Bí mo bá kọ̀ ọ́, èmi náà ni mo pa yín. Wá sọ èyí tí kì í ṣe èmi fún mi, kí n lọ ṣe é."

Leech bẹ̀rẹ̀, ó ń wá sìgá rẹ̀ nínú koríko.

"O ò rí i? Ìwọ náà ò rí i." Edna gba ẹ̀gbẹ́ bàlúù náà jáde, láàárín irin méjì, ó sì fi téèpù náà lé Leech lọ́wọ́. "Bá mi wọn èyí tó kù. Mo ní ibi tí mò ń lọ."

Ilé ìwòsàn pápá ló gbà lọ. Emrys jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi báńdéèjì dì í lọ́wọ́ méjèèjì. Ó rí i, inú rẹ̀ kò dùn.

"Ta ló tún rán ọ báyìí?" ló wí. "Bó bá jẹ́ àánú ló gbé ọ wá, nọ́ọ̀sì ti ṣe é."

"Hallam ló rán mi lánàá. Ó bẹ̀ mí pé kí n fi ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kí o máa bá wọn lọ. Mo rò pé bí mo bá fi ọ́ sílẹ̀, o ò ní kú."

Emrys wò ó, ìfura ṣì wà lójú rẹ̀. "O wò mí lójú o."

"Mo wò ọ́ lójú, mo sì pa irọ́. Mo mọ irọ́ pa ju bí mo ṣe rò lọ. Bí o bá fẹ́, má gbà mí gbọ́ mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Emrys, ó ti sú mi láti máa sá fún ọ nítorí ẹnu àwọn èèyàn. Bí o bá ṣì fẹ́ mi, lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ kí àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í kéde wa."

Emrys yí ojú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì. Edna rò pé ó ń sunkún, kó tó rí i pé ẹ̀rín ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà lójú rẹ̀ lóòótọ́.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ìyá mi. Ọmọ ìjọ wa ní Wales ni, wọn kì í tan àbẹ́là lórí pẹpẹ. Bó bá gbọ́ pé ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti gbéyàwó, á ní Jámánì ì bá kúkú pa mí." Ó na ọwọ́ rẹ̀ tí báńdéèjì bò sí i. "Wá jókòó tì mí, Ìyá Àgọ́. Rọra o, gbogbo ibi ló ń dùn mí."

Ìkéde àkọ́kọ́ àti èkejì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn ará abúlé nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí kò mọ̀ ju iye owó ẹyin lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi kẹta, ìkùukùu bo ilẹ̀, kò sí bàlúù tó lè fò, àwọn awabàlúù sì rọ́ wá, aṣọ búlúù wọn kún ìjókòó ẹ̀yìn. Edna gbọ́ sísọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó yíjú wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àlùfáà arúgbó náà dé ibi ìkéde. "Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ìdí tàbí ohun ìdènà kan tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì yìí pọ̀ nínú ìgbéyàwó mímọ́, kí ó wí i. Èyí ni ìgbà kẹta tí a béèrè."

Ó dákẹ́ díẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Bàtà kan ha ilẹ̀. Edna mọ̀ pé bí ìdákẹ́jẹ́ yìí bá kọjá báyìí, òun yóò máa gbọ́ ikọ́ náà títí ayé òun. Kí Emrys tó lè dì í mú, ó ti dìde, ó sì ti kọjú sí wọn.

"Mo mọ ohun kan," ló wí. "Ọkùnrin méjì bá mi rìn, àwọn méjèèjì sì kú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ ti ń sọ ọ́ ní kántíìnì, ẹ ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn ilé bàlúù. Wọ́n ti wá béèrè báyìí, níwájú Ọlọ́run. Bó bá dá ẹnikẹ́ni lójú pé èmi ni mo pa wọ́n, kó dìde, kó sọ ọ́ lójú mi. Ẹni tí kò bá dìde lónìí, kó má sọ ọ́ mọ́."

Ìwé ṣubú lọ́wọ́ àlùfáà. Àwọn ìyá abúlé gbá àyà mú. Kò sẹ́ni tó mira nínú àwọn aláṣọ búlúù, Edna sì dúró, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ kéékèèké tí irùngbọ̀n wọn kò tíì le, tí wọn kò mọ̀ bóyá wọ́n máa rí Kérésìmesì. Ìgbà yẹn ni Leech dìde. Leech ń lọ́ fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó wo òrùlé, ó wo Emrys, níkẹyìn ó wo Edna lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mọra.

"Jókòó, Edna," ló wí. "Jẹ́ kí bàbá parí. Ẹran kékeré tí ìjọba fún wa lọ́sẹ̀ yìí ti ń tutù."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn sì gbà á. Edna jókòó. Emrys gbé ọwọ́ tó ti jóná yẹn lé tirẹ̀, ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí ìsìn fi parí.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Bàbá Edna ti kú, Hallam ló mú un wọlé pẹ̀lú apá kan tí wọ́n so mọ́rùn. Ìyá Emrys wá láti Wales, ó jókòó ní iwájú, ó ń fura sí àbẹ́là orí pẹpẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ó fẹnu ko Edna ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì yẹ ojú ìránṣọ rẹ̀ wò, ó ní ó dáa. Leech mutí yó, ó ń sọ fún ẹni tó bá gbọ́ pé òun kò fura sí ọmọbìnrin náà rí.

Nígbà tí ọwọ́ Emrys jinná, orúkọ rẹ̀ tún jáde nínú àwọn tó ń lọ. Edna bá a rìn dé ìdí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó wọn lọ síbi bàlúù, níṣojú gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un.

"Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́ mọ́?" ni Emrys bi í.

"Ó ń bà mí," ni Edna wí, ó ń bá a di bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù awọ náà. "Bó ṣe ń ba gbogbo ìyàwó tó lọ́kọ níbí ló ṣe ń bà mí."

Emrys fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó gun ọkọ̀, ó sì lọ. Edna padà sí yàrá aṣọ, níbi tí iṣẹ́ ti ń dúró dè é.